Mo Ní Omi Ò Wọ Ilé Mi Rí

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Èmi ni mo mọ ibi tó máa dùn mí jù.

Husseinat lorúkọ mi, Ìyá Munirah ni wọ́n ń pè mí ní Ṣàngó, nílùú Ìlọrin. Ọ̀dà ni mò ń tà ní Táíwò Road. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ara agolo ọ̀dà ni mo ti kọ́ ìyókù. Ẹ má bi mí ní gírámà. Ẹ bi mí ní èyí tó máa bo ògiri yín.

Ọkọ mi ti kú. Ilé oníyàrá mẹ́rin létí odò kékeré kan ló fi sílẹ̀ fún èmi àti Munirah, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Yàtọ̀ sí ilé yẹn, a ò níbi tá a lè forí pamọ́ sí.

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ní Àlàmísì tó gbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án, odò yẹn wọlé wá kí wa. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Munirah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ti ilé-kéwú dé, ó sì sùn lórí fóòmù nílẹ̀ yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí ọkọ Sadiya, aládùúgbò mi, máa fi fọ́ wíńdò wọlé, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú wíńdò. Fóòmù ti léfòó. Ọmọ mi wà lórí rẹ̀, ó ṣì ń sùn.

Ọ̀rá tí wọ́n fi wé fóòmù náà láti ìsọ̀ ni kò jẹ́ kó mu omi. Àwọn èèyàn ti fi ọ̀rá yẹn ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí, pé mo ra fóòmù, mi ò ya aṣọ rẹ̀. Ìwà ahun tí wọ́n ní mo ní ló gba ọmọ mi là, lẹ́yìn Ọlọ́hun.

N kò kun ògiri yàrá náà mọ́. Mo fi ìlà ẹrẹ̀ tí omi fà sí i lára sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni Munirah máa ń lọ dúró tì í láti wo bó ṣe ga tó. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìlà náà dé àyà rẹ̀. Lọ́dún kẹta, ó ti sún mọ́ ìbàdí.

Lọ́dọọdún náà, ní Àlàmísì tó gbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án, mo máa ń ṣe sàráà. Mọ́sà, wàrà díndín, Àáfà Àbùbákàr àti àwọn ọmọ kéwú rẹ̀, wàásí lórí gbohùngbohùn, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ pé Ọlọ́hun yọ ọmọ mi nínú omi.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Èmi tí mò ń se mọ́sà náà ni n kò fi sọ́kàn.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hamidat wá bá wa ní àsàlátù. Ará Òkè-Òyì ni, ó sì ń bá iléeṣẹ́ tàkáfúlù kan ṣiṣẹ́. Ó ní àjọ ni. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á máa dá owó sínú àpò kan lọ́dọọdún, ẹni tí mùsíbà bá ṣe, inú àpò yẹn ni wọ́n ti máa tún ilé rẹ̀ ṣe.

Mo dìde, ẹ mọ̀ mí.

"Ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ nìyẹn?"

"Rárá, Màmá. Àwọn àáfà wà níléeṣẹ́ wa tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìrànlọ́wọ́ láàárín ara ẹni ni."

"Tí n bá dáwó, tí omi ò wá ńkọ́?"

"Ẹ dúpẹ́, Màmá. Owó yín ti bá ẹlòmíràn kọ́lé nìyẹn."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Ọmọ náà lẹ́nu.

Mo tún sọ fún un pé mo ti ní ìwé inṣọ́ránsì kan fún ṣọ́ọ̀bù mi, torí pé ọ̀dà ń gbiná. Ṣé kò bo ilé mi? Ó gbà á, ó kà á. Ó ní iná ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní omi kì í ṣe iná, ilé kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fi ìwé yẹn sùn bí ẹni tó fi Àlùkùráánì sábẹ́ ìrọ̀rí.

A wá dá ọjọ́ tó máa wá wo ilé mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo ń sá aṣọ, Sadiya yọjú lókè fẹ́ǹsì. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gba fọ́ọ̀mù tiwọn. Mo ní mo gbọ́ pé wọ́n máa ń béèrè bóyá omi ti wọlé èèyàn rí.

"O ò ní sọ fún wọn, àbí?" ló wí.

"Kí ló dé?"

"Ta ló ń ra ewúrẹ́ tó ń wúkọ́? Bí o bá sọ fún wọn, wọ́n á sá ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó dùn ún gbọ́.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé agolo ọ̀dà tó wọ́n jù lọ níbẹ̀, èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ó lè bo ẹ̀ṣẹ̀. Mo fi kun ògiri yàrá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlà náà kú pátápátá. Munirah dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ìlà mi ńkọ́?"

"O ti ga tó. Lọ jókòó sídìí ìwé rẹ."

Hamidat dé lọ́jọ́ kejì. Ó wo òrùlé, ó wo ojú gọ́tà, ó wo ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà. Ó fọwọ́ kan ògiri yàrá ẹ̀yìn.

"Ilé yín mà mọ́ o, Màmá."

"Ilé onímàle ni."

Ó ní ilé lọ́tọ̀, ẹrù inú ilé lọ́tọ̀: bí mo bá dáwó ilé nìkan, kí n má retí kí wọ́n ra fíríìjì fún mi. Ó ní kí n ya fọ́tò gbogbo ohun tí mo ní nísinsìnyí tó ṣì gbẹ, kí n sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá mi kan, nítorí pé fóònù náà máa ń bá omi lọ. Ó ní bí omi bá dé, kí n má da ohunkóhun nù kí ẹni tó ń wo òfò tó rí i. Ó ní níléeṣẹ́ tiwọn, ó di ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí mo bá sanwó kí ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ṣé omi á wá dúró de ìwé yín ni?"

"Kò ní dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn."

Ó ṣí fọ́ọ̀mù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi níkọ̀ọ̀kan. Munirah wà lórí àga, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀.

"Ṣé omi ti wọ ilé yìí rí?"

Mo tún gèlè mi wé. Ó gbójú sókè.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi o, Màmá. Tó bá ti wọ̀ ọ́ rí, ìyẹn ò ní ká má gbà yín. Wọ́n kàn máa fi díẹ̀ lé owó yín, wọ́n á sì ní kí ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ó ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Ohun tó kù ni kí n gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kun ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun ò kùn ún?

"Omi? Omi ò wọ ilé yìí rí."

Bírò Munirah dúró. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà, ó dojú kọ ìwé rẹ̀ padà. Hamidat fàlà sí ibi kan, ó ní kí n fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Mo kọ orúkọ mi gbàgàdà, n ò ní purọ́ fún yín.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú ìgbà sàráà lọ́dún yìí, odò padà wá. Munirah wà nílé ẹ̀kọ́, èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó fara pa. Omi náà ò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, orúnkún ló mọ. Ṣùgbọ́n ó gbé ògiri kan lulẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, ògiri yàrá kejì sì lanu.

Mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo pe Hamidat. Mo ti ya fọ́tò, mi ò da nǹkan kan nù, ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá tipẹ́. Mo ń wo àwọn aládùúgbò tí kò níwèé kankan, àánú wọn ń ṣe mí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni àánú ń ṣe.

Hamidat ní ẹni tó ń wo òfò máa wá ní Àlàmísì.

Mo ní ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀ kí n tó rántí ohun tí Àlàmísì yẹn jẹ́.

Mo pe Àáfà Àbùbákàr kíákíá.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sàráà ọdún yìí sílẹ̀. Ẹ rí bí ilé ṣe rí."

"Mo gbọ́, Ìyá Munirah," ló wí.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Èmi tí mo dàgbà tó báyìí, mi ò mọ̀ pé "mo gbọ́" yàtọ̀ sí "mo gbà".

Wàhálà mìíràn tún yọjú. Bí ògiri ṣe mu omi, ọ̀dà olówó ńlá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara ẹni tí kòkòrò ta. Ó bó. Ìlà ọdún márùn-ún yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ga ju ìlà tuntun lọ. Mo fẹ́ tún un kùn, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í mú ara ògiri tó tutù, èmi tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà lójoojúmọ́. Mo wá àwòrán Káábà ńlá kan tí ọkọ mi fi sílẹ̀, mo kàn án mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Mahmud, ẹni tó ń wo òfò, dé lọ́jọ́ Àlàmísì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ kú àjálù o, ẹ kú ìfaradà. Ó wọn ògiri tó wó, ó ya fọ́tò, ó wo fọ́tò tèmi. Ó ní mo ṣe dáadáa, pé àwọn tí kì í da ẹrù nù kò pọ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ti ń yan irú búlọ́ọ̀kù tí mo máa fi kọ́ ògiri náà.

Ó wá dúró níwájú àwòrán.

"Màmá, àwòrán Káábà yìí mà rẹwà."

"Ẹ ṣeun o."

"Ó kàn wà nísàlẹ̀ díẹ̀ ni."

"Kí àwọn tó bá jókòó lè máa rí i ni."

Ó wo gbogbo yàrá náà. Kò sí àga kankan níbẹ̀.

"Wọ́n á rí i dáadáa," ló wí.

Ibi tá a dé nìyẹn tí gbohùngbohùn dún níwájú ilé mi.

Mo sáré jáde. Àáfà Àbùbákàr nìyẹn, pẹ̀lú àwọn ọmọ kéwú bí ogún. Àwọn aládùúgbò ti ń tẹ́ ẹní. Sadiya gbé abọ́ mọ́sà méjì dání, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Mo mọ̀ pé o ò lè dáná lọ́dún yìí. Mo bá ọ se é."

Ẹ ò rí i pé inú rere máa ń mọ ìgbà tó yẹ kó dé.

"Àáfà," mo rọra wí, "mo ní ká fi í sílẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ. Ìtìjú ló ń ṣe ọ́. Ẹni tí omi ba ilé rẹ̀ jẹ́ ló yẹ ká bá ṣe sàráà." Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Ta ni àlejò wa yẹn? Ẹ súnmọ́ bí, ẹ wá bá wa ṣe Àmín."

Ọ̀gbẹ́ni Mahmud ti jáde. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí itan. Sadiya fún un ní mọ́sà. Ó jẹ ẹ́.

Àáfà bẹ̀rẹ̀ wàásí. Mo ń gbàdúrà pé kí iná gbohùngbohùn tán. Ẹ máa rántí pé àdúrà mi kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, omi tó wá ní Jímọ̀ tó kọjá, ọmọdé ni. Bàbá rẹ̀ ti wá rí. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, omi wọ ilé yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú wíńdò. Ọmọ kan sùn nínú yàrá yẹn. Omi gbé e, kò gbé e lọ. Ọmọ náà dà? Munirah, dìde kí wọ́n rí ọ."

Munirah dìde. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti ga.

"Ṣé kò rí bẹ́ẹ̀? Sọ fún wọn, Munirah. Ṣé omi ò gbé ọ rí?"

Lọ́dọọdún ló máa ń bi í bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni Munirah máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn èèyàn á ní Alhamdulilahi. Lọ́dún yìí kọ́. Ó yí ojú sí mi bí ẹni tó ń béèrè èwo ni kó mú nínú ìtàn méjì.

"Ẹ bi màámi," ló wí.

Gbogbo ojú kọjú sí mi. Mo rí Ọ̀gbẹ́ni Mahmud, mọ́sà ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò jẹ ẹ́ mọ́. Bí mo bá ní rárá, mo ti ní ògiri. Bí mo bá ní rárá, mo ti sọ lójú ọmọ mi àti lójú Ẹlẹ́dàá rẹ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n fà á yọ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹ má rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun nìkan ló mú mi sọ ọ́ o. Ojú àwọn tó ti jẹ mọ́sà ọdún mẹ́rin nílé mi ló ń wò mí. Àwọn wo ni mo fẹ́ purọ́ fún?

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. "Omi gbé e. Inú ilé yìí ni."

Nínú gbogbo wa, Ọ̀gbẹ́ni Mahmud ló kọ́kọ́ ní Alhamdulilahi. Lẹ́yìn náà ló yọ bírò.

Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó rọra ṣí àwòrán Káábà kúrò. Ìlà náà wà níbẹ̀, ó tẹ́ bí ìlà ìwé.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo rò pé ẹ máa lé mi."

"A ò ní lé yín. Owó tí mo fẹ́ fi tún ilé yìí ṣe, ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe owó wa? Ti àwọn tó jókòó lórí ẹní yẹn ni. Ti obìnrin tó se mọ́sà yìí wà níbẹ̀."

"Sadiya?"

"Ilé tó kàn yín. Mo ti ibẹ̀ bọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé omi ti wọlé àwọn lẹ́ẹ̀kan rí. Tiwọn ti parí."

Mo rìn lọ sídìí fẹ́ǹsì bí ẹni tó ń lọ jà.

"Sadiya, ìwọ tí o ní kí n má sọ, o sọ?"

"Èmi kọ́," ló wí, ojú rẹ̀ ò lè wo tèmi. "Ọkọ mi ló kọ fọ́ọ̀mù. Mo sọ fún un kó má sọ, ó ní òun kì í ṣe ewúrẹ́."

Mo fẹ́ bínú. Mi ò rí ibi tí mo máa gbé ìbínú náà kà. Ọkọ rẹ̀ ló fọ́ wíńdò gbé ọmọ mi jáde.

Lẹ́tà iléeṣẹ́ náà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Munirah ló kà á fún mi. Nítorí pé ìdáhùn mi kì í ṣe òótọ́, ìwé náà ò múlẹ̀, wọn ò ní san nǹkan kan. Ó kà á dé ìparí láìgbé ohùn sókè, ó ká a, ó fún mi. Mo ní kó máa bínú. Ó ní ìlà náà ṣáà ti jáde.

Èyí tó tì mí lójú jù ni ti Hamidat. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ń bi í bóyá ó mọ̀ tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ń mì. Mo gbéra, mo lọ bá ọ̀gá wọn. Mo ní èmi ni, èmi nìkan, ọ̀dà tí mo lò nìyí, agolo rẹ̀ nìyí. Mo gbé agolo náà dání lóòótọ́. Wọ́n fi Hamidat sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Yàrá méjì ẹ̀yìn ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Èmi àti Munirah há sí iwájú, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń ra búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, Hamidat wá bá mi pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tuntun. Ó ní ti yàrá tó ṣì dúró nìkan ni wọ́n lè gbà báyìí.

"Ṣé omi ti wọ ilé yìí rí?" Kò gbójú sókè bó ti ń bi mí.

"Lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú wíńdò, ó gbé ọmọ mi."

"Màmá, wọn ò bi yín ní ti ọmọ."

"Kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù. Ó wá ṣírò ohun tí wọ́n máa fi lé owó mi nítorí òótọ́ yẹn. Ó sọ ọ́ fún mi, mo ní kó tún un sọ. Kò tó iye agolo ọ̀dà kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ orí sórí káńtà.

"Ìyá, ẹ fún mi ní ọ̀dà tó máa ń bo àmì omi lára ògiri. Èyí tí kò ní hàn rárá. Àwọn kan ń bọ̀ wá wo ilé mi."

Mo gbé e fún un. Ọjà ni mò ń tà, èmi kì í ṣe wólìí. Mo gba owó mi, mo fi ọ̀rá wé e.

"Ẹ wò ó," mo ní bó ti ń lọ, "ṣé àáfà àdúgbò yín ní gbohùngbohùn?"